Òpó Mẹ́sàn-án Kamina: Ọjọ́ Tí Jámánì Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Pa Ohùn Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1914, ojú irin méjì kan wà tó parí sí ìlú àwọn tó ń sọ èdè wa ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Ọ̀kan gbéra ní Àjàṣẹ́, ó gba Sakété kọjá, ó sì dúró sí Pobè, níbi tó dé ní 1913. Faransé ló ni ín. Epo àti ekuro ló ń kó. Èkejì gbéra ní Lomé, ó rin kìlómítà 167 wọ inú Tógò, ó sì dúró sí Agbonou lẹ́bàá Atakpamé, ìlú àwọn Ànà tí wọ́n ń sọ Ifẹ̀, ẹ̀ka èdè wa kan. Jámánì ló ni ìyẹn. Ẹrù oko ló ń kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, ṣùgbọ́n láti 1911 ló ti ń kó irin, sìmẹ́ńtì àti wáyà gòkè bọ̀.

Ní Kamina, tí kò jìnnà sí Atakpamé, ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ibẹ̀ ni Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́lígíráàfù tí kò lo okùn sí: òpó irin mẹ́sàn-án tó ń bá ìlú Nauen, ní tòsí Bàlíìnì, sọ̀rọ̀ gba ojú òfurufú. Ìrìn ojú òfurufú yẹn lé ní kìlómítà 5,000. Bí ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ogun fi dé, àwọn tó kọ́ ọ náà ló sì wó o palẹ̀, láàárín òru kan ṣoṣo. Ìtàn ọjọ́ náà nìyí, láti òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1914, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀: agbègbè odò Khra

Ilẹ̀ mọ́ bá àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní gúúsù Kamina, ní agbègbè odò Khra, lójú ọ̀nà ojú irin. Ọ̀gágun F. C. Bryant ló ṣáájú wọn. Ọjọ́ 12 oṣù náà ló gúnlẹ̀ sí Lomé, láti ìgbà náà ló sì ti ń tẹ̀ lé ojú irin gòkè. Ìrìn náà kò yá, nítorí bí Jámánì ti ń padà sẹ́yìn ni wọ́n ń ba ọ̀nà jẹ́, tí wọ́n ń fọ́ afárá.

Ìjà tó le jù lọ ti kọjá lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ní ọjọ́ 22, Jámánì gbẹ́ yàrà sí òdìkejì Khra, wọ́n ti wó afárá ojú irin, wọ́n sì kẹ́ ìbọn arọ̀jò ọta sílẹ̀ de ẹni tó bá fẹ́ sọdá. Odindi ọ̀sán ni wọ́n fi jà. Àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ lọ́dọ̀ Bryant jẹ́ 75, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú ẹni mẹ́fà. Lùténáǹtì George Masterman Thompson wà lára àwọn tó kú. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n àwọn tirailleur, ìyẹn ọmọ ogun dúdú ti Faransé, ló ń darí lọ́jọ́ náà. Àwọn tirailleur tó kú pẹ̀lú rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní Wahala. Lùténáǹtì Guillemart, ọmọ Faransé, kú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 23 mọ́, tí Bryant tún fẹ́ dojú kọ yàrà náà, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹni tó rọ́wọ́ mú níjà àná ti kó ẹrù rẹ̀ lọ lóru. Kamina ni wọ́n forí lé.

Ogun tó lé ẹni sẹ́yìn kọ́ ló gbé wọn kúrò ní Khra. Ohun tó wà ní Kamina ló gbé wọn kúrò níbẹ̀, nítorí pé Khra kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà dé ìdí òpó wọ̀nyẹn.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀: ọ̀nà láti Dàhòmì

Láti ìlà oòrùn, Maroix, ọ̀gágun Faransé, ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun láti Dàhòmì. Ìhà Tchetti ló gbà, ìlú tí wọ́n ti ń sọ Ifẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Atakpamé. Àwọn ọmọ ogun mìíràn ń bọ̀ láti Kete Krachi ní ìwọ̀ oòrùn, òmíràn ń ti Sansanné-Mango ní àríwá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ká Jámánì mọ́: Bryant ní gúúsù, Maroix ní ìlà oòrùn, àwọn yòókù lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kápútéènì Castaing, tó kó ọmọ ogun Faransé wá láti Dàhòmì bákan náà, ti darapọ̀ mọ́ Bryant kí wọ́n tó dé Khra.

Ààlà tí Maroix sọdá, àwọn aláwọ̀ funfun ló fà á. Bí wọ́n ṣe fa ti Tógò ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe fa tiwọn ní 1889, tí Pobè, Sakété àti Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìlaròó àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Tchetti àti àwọn ará Atakpamé jẹ́ ìbátan, síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ yẹn, abẹ́ ọ̀tá ara wọn ni wọ́n wà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè.

Kò sì sí ogun tó rìn nígbà náà láìsí alárù. Ibi tí ojú irin bá ti tán, orí ènìyàn ni wọ́n ń gbé ọta, oúnjẹ àti àpótí oògùn lé. Ogun náà kò mọ sí Tógò. Nígbà tó ṣí lọ sí Kamẹrúùnù àti Yúróòpù, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára mú ọ̀dọ́ Dàhòmì wọ iṣẹ́ ṣójà, àwọn Ọ̀họ̀rí tí ilẹ̀ àbàtà wọn wà láàárín Pobè àti Kétu sì kọ̀ jálẹ̀. Ní àwọn ọdún ogun náà ni wọ́n gbé ìjà ko Faransé, tí wọ́n sì fi ẹ̀mí dí i.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀: inú ilé ẹ̀rọ Kamina

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí gbogbo wọn ń dù. Òpó mẹ́ta nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ga ní mítà 120, mẹ́fà yòókù ga ní mítà 75. Ní Atakpamé ìgbà náà, kò sí ilé tó tó ìdajì èyí tó kéré jù nínú wọn. Irin tí wọ́n fi bóòtù so pọ̀ mọ́ra ni, tí ẹsẹ̀ wọn wọlẹ̀ sínú kọnkéré. Láàárín wọn ni wọ́n na àwọn wáyà sí lókè, tánganran sì wà níbi tí wáyà ti kan irin kí iná má baà jò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ri wáyà mìíràn mọ́ ilẹ̀ yí àgbègbè náà ká, nítorí pé ẹ̀rọ irú èyí nílò ilẹ̀ bó ṣe nílò òkè.

Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn ìkòkò irin ńlá ń se omi, ooru omi ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń mú iná mọ̀nàmọ́ná wá. Ẹni tó ń ránṣẹ́ á tẹ bọ́tìnnì: bó bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, àmì kúkúrú ni, bó bá dì í mú, àmì gígùn ni. Ní gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́, iná á ta láàárín àwọn àwo irin tó súnmọ́ra pẹ́kípẹ́kí, agbára náà á gun wáyà lọ sókè, á sì tú sí òfurufú. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Telefunken ni, ohùn tí iná rẹ̀ ń mú jáde sì dún gooro létí ẹni tó ń gbọ́ ọ ní Nauen. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ààrá.

Ariwo ààrá yẹn ni ọ̀tá ilé iṣẹ́ náà kí ọ̀tá tó ní ìbọn tó dé. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ààrá ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń da ìgbọ́ràn rú. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bo etí lè jókòó fún wákàtí pípẹ́ kó má rí nǹkan kan kọ sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ, kí ọ̀run tó dákẹ́ fún un.

Aago méjìlá ọ̀sán: ẹni tó kọ́ ọ kò sí nílé

Ẹni tó bójú tó kíkọ́ Kamina ni Baron Anton Codelli, ẹlẹ́rọ kan láti Ljubljana, tí ìlú rẹ̀ wà lábẹ́ Ọ́síríà nígbà náà. Telefunken ló rán an wá ní 1911. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ló fẹ́ràn: láàárín iṣẹ́ náà ló tún gba oníṣẹ́ sinimá, Hans Schomburgk, lálejò, wọ́n sì jọ ya fíìmù nínú igbó Tógò.

Iṣẹ́ tí Codelli ṣe kò ṣeé fi ẹnu lásán sọ. Gbogbo irin òpó ló ti òkèèrè wá nínú ọkọ̀ òkun, tí wọ́n já a ní Lomé, tí ọkọ̀ ojú irin gbé e dé Agbonou, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó tún wá fi ọwọ́ gbé e dúró, ẹyọ kan lórí ẹyọ kan, títí ó fi ga ní mítà 120. Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ àwọn ará àdúgbò ni. Ìjọba Jámánì ní Tógò ti fi lélẹ̀ pé kí ọkùnrin tó dàgbà máa ṣiṣẹ́ ọba lọ́jọ́ 12 lọ́dún tàbí kó san owó dípò rẹ̀. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi la ọ̀nà, tí wọ́n fi tẹ́ ojú irin. Ilé iṣẹ́ tó ń bá Bàlíìnì sọ̀rọ̀ kò lè dìde láìsí àwọn tó ń ru yanrìn tí wọ́n ń gé igi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń fi ránṣẹ́ tó kan àwọn tó ru yanrìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ 24 yìí, Codelli fúnra rẹ̀ kò sí ní Kamina. Ní ọjọ́ 15, wọ́n rán an pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun nínú ọkọ̀ ojú irin sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Agbéluvoé láti dí Bryant lọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹ̀yìn wọn yọ, wọ́n sì ti dí ojú irin. Kápútéènì Pfaehler tó ṣáájú wọn kú níbẹ̀, ọwọ́ sì tẹ Codelli. Ẹni tó mọ gbogbo bóòtù Kamina di ẹlẹ́wọ̀n ogun kó tó tó ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà tí wọ́n máa wó iṣẹ́ rẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán: ìdí tí wọn kò fi na okùn

Ènìyàn lè béèrè pé kí ló dé tí Jámánì kò fi na wáyà bí àwọn yòókù ti ń nà án. Wáyà orí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun nígbà náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1872, ọdún 42 gééré ṣáájú ìjà Khra, àwọn òṣìṣẹ́ Charles Todd so orí wáyà méjì pọ̀ láàárín aṣálẹ̀ Ọsirélíà: ó gùn ní bíi kìlómítà 3,200, òpó rẹ̀ tó nǹkan bí 36,000, ọdún méjì ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní etíkun tiwa, okùn abẹ́ òkun ti Gẹ̀ẹ́sì ti dé Èkó àti Kutọnu láti 1886. Ẹni tó wà ní Èkó lè fi wáyà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó sì rí èsì gbà láìpẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú okùn abẹ́ òkun ayé. Jámánì na tirẹ̀, kódà ó mú ọ̀kan dé Lomé ní 1913, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé lọ́jọ́ ogun, okùn tó gba iwájú ilé Gẹ̀ẹ́sì kọjá kò ní pẹ́ já. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ní ìdájí ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1914, kò tíì tó ọjọ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun, ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Alert wọ́ okùn Jámánì sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, ó sì gé e. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, òfurufú nìkan ló kù fún Bàlíìnì láti bá Áfíríkà sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ni Kamina. Ohun tó bá ń lọ sí Duala ní Kamẹrúùnù, sí Windhoek ní gúúsù, tàbí sí ọkọ̀ ogun tó wà lójú Atilántíìkì, ibẹ̀ ni wọ́n gbà á lọ.

Ọgbọ́n náà dára, àbùkù rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Wáyà orí ilẹ̀ tí ẹnì kan bá gé ní àárọ̀, oníṣẹ́ kan tó ní àkàbà àti ẹ̀mú lè so ó ní ìrọ̀lẹ́. Òpó tó dúró sójú kan kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára Jámánì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti wọ inú pápá kan, ẹni tó bá gba pápá náà ti gba gbogbo rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lọ́ńdọ̀nù ti rí igi yìí lókèèrè tipẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ náà ni ìgbìmọ̀ ogun wọn jókòó, tí wọ́n kọ àwọn ilé iṣẹ́ aláìlókùn Jámánì sára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́: ìṣirò Doering

Hans-Georg von Doering ló di Tógò mú ní ọjọ́ yìí, nítorí gómìnà gan-an, Duke Adolf Friedrich ti Mecklenburg, ti lọ sí ìsinmi nílé. Doering kò fẹ́ jà. Kété tí ogun bẹ̀rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí gómìnà Gold Coast àti sí ìjọba Dàhòmì, níbi tí Charles Noufflard jẹ́ gómìnà, pé kí àwọn ilẹ̀ mẹ́ta yìí má dá sí ìjà àwọn ará Yúróòpù. Lójú rẹ̀, ìjà láàárín aláwọ̀ funfun níwájú àwọn dúdú kò ní bu iyì kún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àbá náà ì bá ṣeé gbọ́ ká ní kò sí Kamina. Tógò kéré, ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ààlà tó wà níbẹ̀ kò tó 700, kò sí ọmọ ogun gidi, kò sí ibùdó ọkọ̀ ogun. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni ì bá fi yára wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń gbé àṣẹ Bàlíìnì lọ fún ọkọ̀ ogun kò lè sọ pé òun kò dá sí ìjà. Bí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí Doering túúbá ní Lomé, Bàlíìnì ránṣẹ́ sí i pé kó dáàbò bo Kamina. Ló bá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní etíkun, ó fi Lomé sílẹ̀, ó sì gòkè lọ dúró ti òpó mẹ́sàn-án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbọn pọ̀: nígbà tí wọ́n kà á lẹ́yìn náà, ìbọn bí 1,000 ni, àti ìbọn arọ̀jò ọta mẹ́ta, àti ọta bí 320,000. Ẹni tó máa yin ín ni kò sí. Àwọn Jámánì tó kù kì í ṣe ṣójà, oníṣòwò, akọ̀wé àti ẹlẹ́rọ ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá dúdú ti ń sá lọ láti ìgbà Agbéluvoé. Kò sì sí ọ̀nà tí oúnjẹ tàbí ìrànlọ́wọ́ lè gbà wọlé. Ilé iṣẹ́ tó lè gbọ́ Bàlíìnì kò lè mú oníbọn kan wá láti Bàlíìnì.

Ohun méjì ló kù fún un: kó jà títí Gẹ̀ẹ́sì á fi gba òpó náà lódindi, kí wọ́n sì máa fi í ránṣẹ́ tiwọn, tàbí kó fọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Aago méje alẹ́: oṣù lé

Oòrùn wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni: ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ní ọjọ́ 21, òkùnkùn ti bo oòrùn lọ́sàn-án gangan ní apá kan Yúróòpù, láti Sweden dé Rọ́ṣíà. Oṣù tó yọ ní alẹ́ ọjọ́ 24 kò ju ẹ̀là tín-ínrín lọ, ó sì ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn biribiri ló kù.

Ní àwọn alẹ́ ìṣáájú, irú àkókò yìí ni iṣẹ́ gidi máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òru bá jìn tí ààrá bá rọlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, iṣẹ́ tí wọ́n rán gba Kamina kọjá jẹ́ 229. Fún àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ogun àgbáyé jẹ́ àmì kúkúrú àti àmì gígùn, orúkọ ọkọ̀ òkun, orúkọ ìlú, àṣẹ tí wọ́n fi àrokò kọ. Èyí tó kan àwọn fúnra wọn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Bryant wà ní gúúsù.

Láti aago mẹ́wàá alẹ́: ìwólulẹ̀

Bí a bá fẹ́ ba irú ilé iṣẹ́ yìí jẹ́, kò tó kí a gé wáyà rẹ̀. Doering yàn láti fọ́ ọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Kamina sì rí i dájú pé wọn kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Wọ́n fi ohun abúgbàù wó àwọn òpó náà, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, wọ́n fọ́ pátákó tí wọ́n fi ń darí iná, wọ́n fọ́ àwọn bátìrì. Ẹni tó fi ọwọ́ rẹ̀ tò wọ́n mọ ibi tó yẹ kó lù.

Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́ ní òkùnkùn. Òpó mítà 120 kì í wó lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ kan á ya kúrò lára kọnkéré, irin á kọ́kọ́ ké, wáyà tó so ó mọ́ èkejì á fà tantan, á já, orí òpó á wá máa bọ̀. Nígbà tó bá balẹ̀, bóòtù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù dì á fò jáde. Wọ́n ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn ará Atakpamé àti àwọn abúlé tó yí Kamina ká kò jìnnà sí ìró náà. Wọn kò ní ìwé tó máa ṣàlàyé fún wọn. Ohun tó dájú ni pé kì í ṣe ọ̀tá ló dé: òyìnbó tó ní kí wọ́n wá kọ́ ọ náà ni ó ń wó o.

Aago mẹ́ta òru: àwọn tó gbọ́ àti àwọn tí kò gbọ́ mọ́

Àwọn ọmọ ogun Bryant gbọ́ ìró náà láti ìhà Kamina. Ṣójà tó bá ti gbọ́ àgbá mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ohun mìíràn, èyí kò sì jọ àgbá: kò sí ìbọn tó ń dáhùn.

Ní jíjìnnà, òmíràn ló gbọ́ ìdákẹ́. Nauen, pẹ̀lú òpó tirẹ̀ tó ga ju ti Kamina lọ, kò rí ẹni dá a lóhùn mọ́ ní Tógò. Ní Windhoek, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti Jámánì, wọ́n ti pàdánù agbedeméjì wọn; ọmọ ogun South Africa wọ ìlú náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1915. Àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì lójú Atilántíìkì pàápàá pàdánù ohùn tó ń tọ́ wọn sọ́nà láti ẹ̀bá wọn. Ká ní ọkọ̀ kan ti nílò àṣẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ní rí i gbà láti Kamina.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ojú ọ̀run ṣófo

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 25 mọ́, òpó kankan kò dúró ní Kamina. Kò pẹ́ lọ́jọ́ náà tí àwọn ìránṣẹ́ Doering gbé àsíá funfun wá bá Bryant. Wọ́n mú àdéhùn dání: wọ́n fẹ́ túúbá, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀yẹ ogun. Bryant ní òun kò ní bá wọn ṣe àdéhùn. Ní ọjọ́ 26, Doering túúbá láìsí àdéhùn kankan. Tógò ni ilẹ̀ Jámánì àkọ́kọ́ tó bọ́ nínú ogun náà.

Lẹ́yìn ogun, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín in. Atakpamé àti Lomé bọ́ sọ́wọ́ Faransé, bí Pobè àti Sakété ṣe wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn Ànà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọba kọ́ ilé fún Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí san owó orí fún Faransé. Ojú irin Agbonou ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, wáyà orí ilẹ̀ tó ń bá a rìn náà sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí wáyà ṣeé so. Kamina kò tún dìde mọ́. Àwókù rẹ̀, irin àti kọnkéré, ṣì wà nínú igbó lẹ́bàá Atakpamé.

Ó rọrùn láti sọ pé ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni Jámánì pàdánù Kamina. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí òpó àkọ́kọ́ ti dúró ni wọ́n ti sọ Tógò di ibi tí ogun gbọ́dọ̀ dé. Ilẹ̀ kékeré tí kò lágbára, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ì bá fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni wọ́n yára wọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí ohùn kan ṣoṣo tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohùn náà kì í ṣe ti àwọn ará Tógò, kò sì gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ síbì kankan. Iye tí wọ́n fi kọ́ ọ, Bàlíìnì ló san án. Iye tí ó ná wọn láti ní in, àwọn tó sùn sí Wahala ló san án, pẹ̀lú àwọn alárù tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn, àti àwọn ará Atakpamé tí wọ́n yí ọ̀gá padà láìkúrò nílé.